Àga Ọba Tí Ń Bẹ Nílé Wa

Lọ́jọ́ Sátidé tó kọjá, ọmọ ọmọ mi gbé fóònù rẹ̀ síwájú mi, ó ní, "Màmá àgbà, ẹ wá wo bí àwọn ọba ṣe ń ṣe láyé àtijọ́." Eré ni, ọ̀kan nínú àwọn tí wọ́n ń fi ààfin, ogun àti òyìnbó ṣe. Kí ọba inú rẹ̀ tó la ẹnu, mo ti ka àṣìṣe mẹ́rin. Iyùn ọrùn rẹ̀, ike ni. Iyùn gidi kì í ró bí ìdérí ìgò nígbà tó bá ń lu ara wọn. Àǹkárá tí olorì ró, àwòrán fáànù ló wà lára rẹ̀. Ìjòyè tó dọ̀bálẹ̀ lápá òsì ti bọ́ aago ọwọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n kò lè bọ́ àpá ibi tí aago ti ń jókòó. Ọ̀pá iná sì ń yọjú lẹ́yìn ààfin bí ẹni tó wá kí ọba tí kò tíì rí àyè wọlé. Kò sí yunifásítì tó kọ́ mi ní nǹkan wọ̀nyí o. Lọ́dọ̀ àwọn ìyá onílẹ̀kẹ̀ ní ọjà Jańkárà ni mo ti kọ́ ọ, lórí àpótí, pẹ̀lú ìwé àjákọ lórí itan mi, títí wọ́n fi ń pè mí ní Rísí Oníbéèrè. Ọmọ ọmọ mi ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí ọkùnrin náà jọba ná." Mo fún un láyè. Ìgbà náà ni wọ́n ya àga tí ọba jókòó lé, àga onígi dúdú tó ní orí kìnnìún níbi ọwọ́ méjèèjì. Mo mọ irú àga bẹ́ẹ̀. Gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ ìgbà èwe mi ni mo fi ń fi àdín àgbọn pa ọ̀kan lára.

Ilé wa ní Ìsàlẹ̀ Èkó wà láàárín mọ́ṣáláṣí méjì tí wọn kì í jọ pe ìrun. Ọ̀kan á bẹ̀rẹ̀, èkejì á dúró díẹ̀ bí ẹni tó ń retí kí ti àkọ́kọ́ ṣì í pè, lẹ́yìn náà ni á wá fi ohùn tó ga jù ú lọ tún un ṣe. Àárín àwọn méjèèjì la ti ń jí. Ohùn tó tẹ̀ lé e ni ti ìgbálẹ̀, nítorí àwa ọmọbìnrin la ń gbá àgbàlá kí oòrùn tó yọ. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ti korobá nídìí omi ẹ̀rọ. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ti ẹ̀rọ ìránṣọ Bàbá Télọ̀, onígbàgbọ́ ará Ìjẹ̀bú tó háyà yàrá tó kọjú sí títì, tó máa ń fi ẹsẹ̀ wa ẹ̀rọ náà, tí á sì máa kọ orin ìsìn sí i lábẹ́lẹ̀. Ìyá Àgbà, ìyá tó bí bàbá mi, á wà nídìí ààrò, á máa dín àkàrà, á máa bá èédú wí bí ẹni tó ń bá ọmọ tó ya ọ̀lẹ wí. "Ṣé o ò ní jó ni? Àbí ìwọ náà ń retí kí wọ́n kí ọ?"

Nínú pálọ̀ ẹ̀gbọ́n bàbá mi, tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá Àlàájì, ni àga náà wà. Òun ni àkọ́bí Ìyá Àgbà, òun sì ni olórí agbo ilé. Igi ọ̀gànwó ni wọ́n fi ṣe àga náà. Àrán pupa ni wọ́n fi bo ibi ìjókòó rẹ̀, ìṣó onídẹ márùndínlọ́gọ́rùn-ún ló yẹ kó yí àrán náà ká, mẹ́ta ti já bọ́. Kìnnìún ọwọ́ òsì kò ní etí kan. Ìyàwó ilé kì í kọjá níwájú àga yìí láìkúnlẹ̀ díẹ̀, kódà bí kò bá sí ẹnikẹ́ni lórí rẹ̀. "Ọba ló fi ta baba baba mi lọ́rẹ," ni Bàbá Àlàájì máa ń sọ, "lọ́jọ́ tó lé ọ̀tá ọba wọ inú ọ̀sà." Níbi ìsọmọlórúkọ, àwọn ọ̀tá náà á jẹ́ ogún. Nígbà Iléyá, tí ẹran bá ti pọ̀ nínú abọ́, wọ́n á di igba. Tí Àlàájì Sùbérù, aládùúgbò wa onílé alájà mẹ́ta, bá wà níbẹ̀, ọ̀sà kì í gbà wọ́n tán.

Lọ́jọ́ Jímọ̀ kan, mo dojú àga náà dé kí n lè nu abẹ́ rẹ̀, mo sì rí idẹ pẹlẹbẹ kan tí wọ́n kàn mọ́ ọn, tó ti dúdú. Mo fi eérú àti ọsàn wẹ́wẹ́ ha á. Lẹ́tà gẹ̀ẹ́sì ló jáde. Ìkòyí nìkan ni mo mọ̀ nínú ohun tí wọ́n kọ, àti nọ́ńbà kan ṣoṣo, méje. Mo sáré lọ bá Ìyá Àgbà.

"Ìyá Àgbà, wọ́n kọ nǹkan sábẹ́ àga ọba."

Kò wo ojú mi. "Ta ló rán ọ ní ìdí àgbàlagbà?"

"Wọ́n kọ Ìkòyí síbẹ̀."

"Dá àga dúró bí o ṣe bá a, kí o sì wá gbé abọ́ àkàrà yìí. Ìtàn dà bí ọbẹ̀, Rísí. Ẹni tó sè é ló mọ iye omi tó bù sí i. Àwọn tó ń jẹ ẹ́ ń lá ọwọ́, wọn ò bèèrè."

Ọdún yẹn ni tẹlifíṣọ̀n aláwọ̀ dé ilé wa. Eré ayé àtijọ́ kan wà tí wọ́n ń fi hàn ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú, láàárín Mágàríbà àti Ìṣáì, nípa ọba kan tí òyìnbó ń fẹ́ gba ìlú mọ́ lọ́wọ́. Gbogbo agbo ilé ló ń kún inú pálọ̀. Tí ọba bá jáde, Bàbá Àlàájì á ṣí fìlà, àwọn ìyàwó ilé á kúnlẹ̀ fún gíláàsì. Tí ọba bá bọ òrìṣà, wọ́n á pariwo "Àsítágífírúlà!", wọ́n á fi ọwọ́ bojú, ṣùgbọ́n ìka wọn kì í pa dé. Bàbá Télọ̀ á ti ṣọ́ọ̀ṣì dé pẹ̀lú ìwé orin lábíyá, á ní ìrán aṣọ wọn lòun kàn fẹ́ wò. Lèmọ́mù mọ́ṣáláṣí wa, àgbàlagbà onírùngbọ̀n funfun, kò wá wò ó lọ́dọ̀ wa rí, ṣùgbọ́n gbogbo jámáà ló ṣàkíyèsí pé láti ìgbà tí eré náà ti bẹ̀rẹ̀, àwọn súrà tó kúrú jù lọ ló ń kà ní Mágàríbà ọjọ́ Àìkú. Ẹni tó ń ṣe ọba náà, káfíńtà ni; Bàbá Télọ̀ mọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó ti kan bẹ́ǹṣì fún un rí. A mọ̀ bẹ́ẹ̀, a sì ń kúnlẹ̀. Mo ti ka ìwé púpọ̀ lórí ọba àti ìjọba láti ìgbà náà, n kò sì tíì rí èyí tó là á yé mi ju pálọ̀ yẹn lọ: kí ẹnì kan jókòó síbi tó ga, kí àwọn yòókù gbà láti jókòó nílẹ̀, ó parí.

Ọdún kan náà ni mọ́ṣáláṣí ń wá Bàbá Àdínì tuntun. Oyè ńlá ni. Ẹni tó bá jẹ ẹ́ ni bàbá gbogbo jámáà, iwájú pátápátá ni á sì máa jókòó. Ẹni méjì ló ń dù ú, Bàbá Àlàájì wa àti Àlàájì Sùbérù. Àlàájì Sùbérù ti ṣe ibi àlùwàlá tuntun fún mọ́ṣáláṣí, onítáìlì. Bàbá Àlàájì kò ṣe nǹkan kan. Àga ló ní. Ó ti ń fẹ́ oyè yìí láti ìgbà tí gbogbo irun orí rẹ̀ ti dúdú. Agbádá tí yóò wọ̀ lọ́jọ́ náà, Bàbá Télọ̀ ti rán an tán, ó wà nínú àpótí pẹ̀lú káfúrá, ó ń retí. Mo rí i lẹ́ẹ̀kan tó ṣí àpótí náà nígbà tó rò pé kò sí ẹnì kankan nítòsí, tó kàn fi ọwọ́ kan ọrùn aṣọ náà, tó sì tún un pa dé.

Ìgbà náà ni àwọn eléré tẹlifíṣọ̀n náà wá. Ọ̀gá wọn, ọ̀dọ́kùnrin kan tó dé fìlà rẹ̀ kọjú sẹ́yìn, ń kiri Ìsàlẹ̀ Èkó láti yá ohun àtijọ́. Ó yọjú sí pálọ̀, ó rí àga, ó sì dúró gbọn-in.

"Ẹ kú ìkàlẹ̀, sà. Àga yìí ńkọ́?"

"Àga ọba ni," ni Bàbá Àlàájì wí.

"Ẹ gbà mí láyè kí n wo abẹ́ rẹ̀." Ó dojú rẹ̀ dé, ó ka idẹ tí mo ha, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Háà, sà, àga yìí bá iṣẹ́ wa mu gan-an."

"Ṣé ẹ rí i! Kìnnìún tí etí rẹ̀ pé ni kí ẹ jẹ́ kó kọjú síta o. Ẹ má ya èkejì."

"Kò séwu, sà."

Kò sí ẹnikẹ́ni nínú wa tó bèèrè pé ìdí ta ni yóò jókòó lé e. Wọ́n gbé e sórí ọmọlanke, Bàbá Àlàájì sì sìn ín dé ẹ̀gbẹ́ títì bí ẹni tó ń sin arìnrìn-àjò Mẹ́kà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni kò fi sí nílé. Fún ọ̀sẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yẹn, àwọn ìyàwó ilé ṣì ń kúnlẹ̀ fún àyè tó máa ń wà.

Nígbà tó padà dé tí a gbọ́ pé ọjọ́ Àìkú tó ń bọ̀ ni wọ́n máa fi í hàn, Bàbá Àlàájì ránṣẹ́ pe Lèmọ́mù, ó pe àwọn àgbà mọ́ṣáláṣí, ó sì rí i dájú pé ó pe Àlàájì Sùbérù. Ìyá Àgbà se mọ́ínmọ́ín elẹ́yin. Bàbá Àlàájì jókòó sórí àga náà gan-an, ó fi ọwọ́ lé orí kìnnìún méjèèjì, a tan tẹlifíṣọ̀n. Ọba jáde. Orí àpótí tí wọ́n fi awọ ẹkùn bò ló jókòó sí.

"Ó ń bọ̀," ni Bàbá Àlàájì wí. "Ẹ ní sùúrù."

Ìjòyè kan wà nínú eré náà, tó ti ń gbé ọ̀rọ̀ ọba lọ sétí òyìnbó láti ìbẹ̀rẹ̀, tí gbogbo wa kórìíra débi pé àwọn ìyàwó ilé máa ń pòṣé sí i. Lọ́jọ́ náà, ó gba ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn wọ ilé òyìnbó, ó tẹ̀ka sí ìwé tó fi ta ọba rẹ̀. Òyìnbó pàtẹ́wọ́. Ìránṣẹ́ méjì sì gbé àga kan wọlé, àga onígi dúdú, àrán pupa, orí kìnnìún méjì. "Jókòó, ọ̀rẹ́ mi," ni òyìnbó fi imú sọ. "Ẹ̀bùn rẹ rèé." Ọ̀dàlẹ̀ náà jókòó, ó gbé ẹsẹ̀ kan lé èkejì. Wọ́n wá fi kámẹ́rà sún mọ́ ọwọ́ òsì àga náà. Kìnnìún náà kò ní etí kan.

"Àga wa rèé!" ni ọmọ kan kígbe. Ó dùn mí láti sọ pé èmi ni.

Gbogbo orí inú pálọ̀ yí kúrò lọ́dọ̀ tẹlifíṣọ̀n, ó yí sọ́dọ̀ Bàbá Àlàájì. Ó rọra ká ọwọ́ òsì kúrò lórí kìnnìún. Àlàájì Sùbérù fi omi ṣan ọwọ́ rẹ̀ níka-níka. "Àlàájì, ẹ ṣé fún mọ́ínmọ́ín," ló wí. "Ọ̀tá tí wọ́n lé wọ ọ̀sà ọ̀hún, ṣé òun ló gbé àga lọ́wọ́ bọ̀?"

Kí ó tó di ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọmọ ọ̀dàlẹ̀ la jẹ́ káàkiri Ìsàlẹ̀ Èkó. Nídìí omi ẹ̀rọ, ọmọbìnrin kan tí mo gbá lójú lọ́dún tó ṣáájú ti korobá mi sẹ́yìn, ó ní, "Ẹ̀yin tí ẹ ta ọba, ẹ tò sẹ́yìn." Kò sí ẹnì kan tó ní eré lásán ni. Àwọn tó mọ̀ pé káfíńtà ni ọba, tí wọ́n mọ̀ pé rọ́ọ̀gì ni awọ ẹkùn, gba ọ̀dàlẹ̀ náà gbọ́ láìkù síbì kan. Àwọn àgbà mọ́ṣáláṣí ní àwọn yóò wá jókòó sọ ọ́ lẹ́yìn Àsárì ọjọ́bọ̀, pé bí ọ̀rọ̀ bá rí bẹ́ẹ̀, Àlàájì Sùbérù ni yóò jẹ Bàbá Àdínì. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, Bàbá Àlàájì wá bá ìyá rẹ̀ nídìí ààrò. Mo wà níbẹ̀, mò ń ṣa ẹ̀wà. N kò rí i rí kó kúnlẹ̀ lórí ilẹ̀ eléérú.

"Ìyá mi, ẹ bá mi jẹ́rìí. Ẹ sọ fún wọn pé ọba ló fún wa."

"Kárímù, mo ti bá ọ dákẹ́ láti ọjọ́ yìí. Ibi tí agbára mi mọ nìyẹn. N kò lè bá ọ parọ́ lójú Lèmọ́mù."

"Ẹ sọ òótọ́ nígbà náà."

"Òótọ́ gan-an?"

Ó rò ó. "Èyí tó bá dára nínú rẹ̀."

Lẹ́yìn Àsárì, wọ́n dé. Lèmọ́mù jókòó sórí ẹní, ó ní, "Ìyá, ẹ̀yin lẹ dàgbà jù nínú ilé yìí. Níbo ni àga yìí ti wá?"

Ìyá Àgbà yíjú sí mi. "Rísí, dojú rẹ̀ dé."

Mo dojú rẹ̀ dé. Mo ka àwọn lẹ́tà náà sókè lọ́kọ̀ọ̀kan, títí dé orí nọ́ńbà méje. Kò sí ẹni tó yé. Wọ́n ní kí wọ́n lọ pe Bàbá Télọ̀ tó ka ìwé. Ó wọlé pẹ̀lú òwú lẹ́nu, ó bẹ̀rẹ̀, ó wò ó, ó tún fi àtàǹpàkò nù ún wò. "Ẹ dárí jì mí o, ẹ̀yin àgbà. Ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ ni pé ohun ìní ìjọba ni. Ilé àlejò, Ìkòyí. Yàrá keje."

"Ẹ gbọ́," ni Ìyá Àgbà wí. "Bàbá Kárímù, ọkọ mi, kúùkù ni nílé àlejò yẹn. Ẹyin ló ń dín fún òyìnbó. Yàrá keje ni wọ́n fi í sí. Àràárọ̀ ló ń gbé àwo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga yìí, tí òyìnbó á máa jẹun lórí rẹ̀, kò sì gbọ́dọ̀ fara tì í. Nígbà tí wọ́n ń lu ẹrù ilé náà ní gbàǹjo, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ra ìkòkò, ra bẹ́ẹ̀dì. Òun, àga ló rà. Èmi ni mo rù ú láti Ìkòyí wá síhìn-ín. Àga wà lórí mi, Kárímù wà nínú mi. Etí kìnnìún tí ẹ fi ń dá a mọ̀ yẹn, ara ògiri ẹnu ọ̀nà wa ló ti kán. Lálẹ́ ọjọ́ náà, ọkọ mi jókòó lé e, kò sọ̀rọ̀, ó kàn ní kí n gbé ẹyin wá fún òun."

Ohùn Bàbá Àlàájì kéré. "Ìyá mi. Kúùkù?"

"Kúùkù."

Ó wo àga, ó wo àwọn àgbà, ó nu òógùn iwájú orí. "Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ jẹ́ ká rò ó dáadáa," ló wí. "Ọ̀dàlẹ̀ tí wọ́n ń sọ yẹn, ó kúkú mọ ọba. Kì í ṣe ẹni kékeré. Wọ́n jọ ń jẹun ni."

Ẹ̀rín bú. Bàbá Télọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé òwú mì. Mo ti dàgbà, mo ti wo àwọn tó ń wá ìran ńlá fún ara wọn, nínú ìwé, nínú òṣèlú, nínú ìsìn, ojú Bàbá Àlàájì lọ́jọ́ náà ni mo sì ń rí lójú gbogbo wọn: ẹni tí ó sàn fún kí bàbá rẹ̀ ta ìlú ju kí ó dín ẹyin.

Nígbà tí ẹ̀rín rọlẹ̀, Àlàájì Sùbérù ní, "Ọmọ akọni, a ò rí i. Ọmọ ọ̀dàlẹ̀, wọ́n ti gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ọmọ ta wá ni a fẹ́ fi jẹ Bàbá Àdínì, Lèmọ́mù?"

"Ọmọ mi ni," ni Ìyá Àgbà wí. "Ẹni tó bá ní ẹjọ́ pẹ̀lú oyún mi kó wí."

Lèmọ́mù fọwọ́ pa irùngbọ̀n. "Àga kò wọ mọ́ṣáláṣí rí," ló wí. "Orí ẹní ni gbogbo wa ń jókòó sí. Àwa la fi ẹnu gbé àga yìí wọ inú rẹ̀. Ó dáa. Ẹni tó bá ní ọmọ kúùkù kò lè jẹ Bàbá Àdínì, kí ó dìde, kí ó kọ́kọ́ sọ iṣẹ́ tí bàbá tiẹ̀ ṣe." Kò sí ẹni tó dìde. Àlàájì Sùbérù ń wo àjà. Ìyá Àgbà ló sọ fún mi lẹ́yìn náà pé alágbàfọ̀ ni bàbá rẹ̀, nílé àlejò kan náà, ọṣẹ ìjọba ló sì fi ń wẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ ni Bàbá Àlàájì ṣe jẹ oyè. Lọ́jọ́ náà, agbádá inú káfúrá jáde, ó sì bá a mu. Wọ́n gbé àga síta. Ó jókòó lé e, ó gbóhùn sókè, ó ní, "Àga tí ẹ ń wò yìí, ìjọba ló fi ta bàbá mi lọ́rẹ, láti Ìkòyí, nítorí iṣẹ́ ribiribi tó ṣe fún wọn." Àwọn èèyàn kí i kú oríire. Òtítọ́ kò tíì lo oṣù méjì nílé wa tí òun náà fi jẹ oyè. Mo wo Ìyá Àgbà lórí ẹní rẹ̀. Ó ti fi etí gèlè bo ẹnu, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n.

"Ìyá Àgbà, ẹ ò ní sọ̀rọ̀?"

"Omi tuntun ló bù sí i," ló wí. "Jẹ́ kí wọ́n jẹun."

Ọ̀dọ̀ mi ni àga náà wà báyìí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Ìṣó mọ́kànlá ló ti já bọ́. Èmi tí mò ń ka àṣìṣe ọba eléré, tí àlejò bá wọlé tó ní, "Àga ńlá rèé o, ó jọ ti ààfin," n kì í sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́. Mo máa ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tí kò fẹ́ ṣe fọ́nńté. Mo ṣì ń nù ún ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀, ṣùgbọ́n láti ìgbà tí Ìyá Àgbà ti lọ, n kò dojú rẹ̀ dé mọ́. Lọ́jọ́ Sátidé yẹn, ọmọ ọmọ mi dá eré rẹ̀ dúró, ó wo fóònù, ó wo orí kìnnìún tó wà lábẹ́ apá mi. "Màmá àgbà, ọ̀kan náà ni! Ṣé àga ọba ni tiyín náà?"

Ó ti ń wá ibi tí yóò kúnlẹ̀ sí, mo rí i lójú rẹ̀. Mo dìde kúrò lórí àga, mo lọ sí ilé ìdáná, mo bu eérú díẹ̀ sínú àwo, mo la ọsàn wẹ́wẹ́ kan sí méjì, mo sì gbé e fún un. "Dojú rẹ̀ dé," ni mo wí.